Ìdáhùn Pẹ̀lú Ìwà Tútù: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Wa Tí Ń Gbé Lẹ́yìn Odi

Àsọyé tí a ṣe ní Àpéjọ Gbogbogbòò Ìjọ wa

  A mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú yín ti sùn sójú ọ̀nà kí ẹ tó dé ibí yìí, àti pé àwọn tí wọ́n ti òkè òdò wá ti rí ojú àwọn aṣọ́bodè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìrìn náà já sí asán.

Iṣẹ́ tí àwọn àgbà yàn fún wa ní òwúrọ̀ yìí ni láti sọ bí ó ti yẹ kí onígbàgbọ́ dáhùn nígbà tí ẹlòmíràn bá bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Orí ìwé Pétérù Kìn-ín-ní, orí 3, ẹsẹ 15 àti 16, ni a óò dúró lé. A kò ní kà á jáde, nítorí pé Bíbélì wà lọ́wọ́ yín, ẹ óò sì kà á nílé. Ìdajì ẹsẹ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Apá tí ó ní kí a wà ní ìmúra láti fèsì, a há a sórí bí orúkọ wa. Apá tí ó sọ irú ohùn tí a óò fi fèsì, a máa ń ṣí ìwé kọjá rẹ̀. Apá kejì yìí ni a wá bá yín sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí a kọ ìwé náà sí. Àpọ́sítélì náà kò kọ ọ́ sí àwọn tí wọ́n jókòó ní ìlú bàbá wọn, tí ọba jẹ́ ẹbí wọn. Àlejò ni ó pè wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, àwọn tí wọ́n fọ́n káàkiri Pọ́ńtù, Galatíà, Kapadókíà, Éṣíà àti Bítíníà, àwọn ilẹ̀ tí ó wà ní Tọ́kì lónìí. Wọn kò pọ̀. Èdè àti àṣà ìlú kì í ṣe tiwọn. Bí ohun kan bá bàjẹ́ ní àdúgbò, orí wọn ni a ó kọ́kọ́ gbé e lé. Ẹ̀yin ará wa ní Kano, ní Kàdúná àti ní Jọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ti Accra àti Kumasi, ti Lomé, ti Abidjan àti ti Niamey, ǹjẹ́ ẹ kò mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n wà ní Ghana ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn jáde, mọ̀ ọ́n ju bí a ti lè sọ ọ́ lọ. Àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni Pétérù kọ̀wé sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà tútù jẹ́ ìmọ̀ràn fún àwọn tí ara dẹ̀ nìkan.

Ẹ tún wo ẹni tí ó kọ ọ́. Pétérù ni ó fa idà yọ nínú ọgbà ní òru ọjọ́ tí a mú Olúwa, tí ó gé etí ìránṣẹ́ olórí àlùfáà sọnù. Pétérù kan náà ni ó jókòó ti iná ní òru ọjọ́ kan náà, tí ọmọbìnrin kan bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, tí ó sì búra pé òun kò mọ Ọkùnrin náà rí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan, ó fi irin dáhùn. Nígbà tí a bi í, kò ní ìdáhùn. Òru kan ṣoṣo ni ó fi ṣe àṣìṣe méjèèjì tí onígbàgbọ́ lè ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó wá dàgbà, tí ó mú kálàmù láti kọ̀wé sí àwọn àlejò, ó mọ ohun tí òun ń wí. A gbà gbọ́ pé etí náà wà lọ́kàn rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan nípa ara wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bu iyì kún wa.

Ó ju ogún ọdún lọ tí a fi ń ṣòwò ní ìlú kan ní Òkè Ọya. Òwú, bọ́tìnì, abẹ́rẹ́ àti àwọn ohun èlò aránṣọ ni a ń tà. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa jẹ́ Màlámù kan tí ń ta tùràrí, làálì àti tìróò. Nígbà tí ó bá lọ kírun, àwa ni a ń bá a ṣọ́ ọjà rẹ̀. Nígbà tí a bá lọ sí ìpàdé àdúrà ní ọjọ́ Ọjọ́rú, òun ni ó ń bá wa ṣọ́ tiwa, kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọjà kò yá, ó kọjú sí wa, ó ní: “Ẹ̀yin wí pé Ọlọ́run ní ọmọ. Ta wá ni ìyàwó rẹ̀?”

Àwọn ọmọkùnrin aláàárù méjì kan wà nítòsí. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó bà wá jẹ́. A rò pé ó fẹ́ fi Olúwa wa ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọmọdé. A sì fún un ní èsì kan nípa wòlíì tirẹ̀, èyí tí a kò ní tún sọ níhìn-ín, nítorí pé kò yẹ kí a sọ ọ́ nígbà náà. Màlámù kò fọhùn. Ó wo ojú wa díẹ̀, ó kọjú sí ọjà rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀la, tí àkókò ìrun tó, ó bẹ ẹlòmíràn kí ó bá òun ṣọ́ ìsọ̀.

Ẹ gbọ́ bí ìwà òmùgọ̀ wa ti pọ̀ tó. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, a dìde láti jẹ́rìí nínú ìjọ pé a ti pa Mùsùlùmí kan lẹ́nu mọ́. Ìjọ pariwo Halelúyà. A padà sí àyè wa pẹ̀lú ìdùnnú. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbàlagbà kan, tí ó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ìlú náà pẹ́ kí a tó dé ibẹ̀, pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: “Ọmọ mi, ẹni tí o pa lẹ́nu mọ́, báwo ni yóò ṣe tún bi ọ́ léèrè?” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a sùn. Síbẹ̀, ìgbéraga kò jẹ́ kí a tètè lọ. Oṣù kan kọjá kí a tó dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí Màlámù ń kó ọjà rẹ̀ wọlé, a lóṣòó síwájú rẹ̀. A ní ohun tí a gbà gbọ́, a kò yí i padà. Ṣùgbọ́n bí a ti sọ̀rọ̀ sí i, àti ohun tí a sọ nípa ẹni tí ó ń bọ̀wọ̀ fún, a jẹ̀bi, kí ó dárí jì wá. Ó dákẹ́ títí. Nígbà náà ni ó sọ fún wa pé ọmọbìnrin òun ń jókòó pẹ̀lú ọmọ Kristẹni kan ní ilé ẹ̀kọ́, àti pé ọmọ náà dé ilé, ó bi òun ní ìbéèrè kan náà. “N kò mọ èsì rẹ̀,” ni ó wí, “n kò sì fẹ́ fi irọ́ kọ́ ọmọ mi nípa ẹni tí ó bá mi gbé ọjà. Nítorí náà ni mo ṣe bi yín. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí mo lè bi.”

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, tí ojú kò tì í, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìbéèrè tí Pétérù ní kí a múra sílẹ̀ dè, òun náà ni ó wá bá wa ní ìsọ̀ wa, ní ọ̀sán gangan, láti ẹnu bàbá kan tí kò fẹ́ parọ́ fún ọmọ rẹ̀. A sì lé e dànù.

Màlámù ní: “Ó dára, ẹ wá dáhùn nísinsìnyí.” A fẹ́ dáhùn, a kò lè dáhùn. Haúsá ọjà ni Haúsá wa. Ó tó láti ná ọjà, ó tó láti gba gbèsè, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé ohun ìjìnlẹ̀ Ọlọ́run. A ní “Ɗan Allah,” èyí tí í ṣe Ọmọ Ọlọ́run ní èdè wọn. Ọ̀nà kan pàtó wà tí àwọn onílé fi ń pe “d” àkọ́kọ́ yẹn, bí ẹni fa èémí sínú. Ahọ́n Yorùbá kì í tètè mọ̀ ọ́n. Bí a ti pè é, ohun tí Màlámù gbọ́ ni “don Allah,” èyí tí í ṣe “nítorí Ọlọ́run, ẹ jọ̀wọ́,” ọ̀rọ̀ tí àwọn alágbe ń fi tọrọ. Ó rò pé a ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì wá, kí a má bẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wa, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwa àti òun. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ wa ti tún dá.

A tọrọ ààyè ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀, a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ bá a láti inú ẹ̀ka wa, ọmọ tí a bí sí ìlú náà, tí ó gbọ́ Haúsá ju bí ó ti gbọ́ Yorùbá lọ. (Irú àwọn ọmọ báyìí ni a máa ń bá wí pé wọn kò gbọ́ èdè bàbá wọn. A bẹ̀ yín, ẹ rọra. Ọlọ́run lè ní iṣẹ́ fún ahọ́n wọn.) Ọmọ náà ni ó bi Màlámù pé: “Bàbá, kí ni à ń pe oníṣòwò ní èdè yín?” Ó ní: “Ɗan kasuwa.” Ọmọ ọjà ni ìtumọ̀ rẹ̀. “Ta wá ni ọjà fẹ́ kí ó tó bí i?” Màlámù mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwa náà sì sọ fún un pé ní èdè wa, òkúta kékeré tí a fi ń lọ ata, ọmọ ọlọ ni à ń pè é, kò sì sí ẹni tí ó bá ọlọ ṣe ìgbéyàwó rí.

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín. A kò wí pé bí ọmọ ọlọ ti rí sí ọlọ ni Jésù rí sí Bàbá. Kí ẹnikẹ́ni má lọ wàásù bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka rẹ̀, kí ó sì ní a fọwọ́ sí i ní àpéjọ. Òkúta ìdìgbòlù tí ó wà lójú ọ̀nà ni a fi àkàwé yẹn gbé kúrò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ṣí ìhìnrere Lúùkù, orí kìíní, níbi tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ti wá bá Màríà wúńdíá. Màlámù mọ Gébúrẹ́lì, Jíbúrílù ni wọ́n ń pè é. Ó mọ Màríà, ó sì gbà pé wúńdíá ni nígbà tí ó bí Jésù. A jẹ́ kí ọ̀dọ́ náà ka èsì tí áńgẹ́lì fún Màríà nígbà tí òun náà béèrè pé báwo ni yóò ṣe rí bẹ́ẹ̀. Màlámù gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní: “Èmi kò gba èyí. Ṣùgbọ́n n óò sọ fún ọmọ mi pé àwọn Kristẹni kò wí pé Ọlọ́run gbé ìyàwó.”

Kò di Kristẹni. A mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ṣe máa ń parí láàrin wa. Ṣùgbọ́n ilé kan wà ní ìlú yẹn tí a kò ti pa irọ́ mọ́ ìgbàgbọ́ wa mọ́, àwa kò sì fi ojú kékeré wo èyí.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rìn ní ọ̀nà yìí. Bìṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, tí a sì fi jẹ Bìṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí Odò Ọya láàrin àwọn ọba tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì bá púpọ̀ nínú wọn rẹ́. Ní 1872, nígbà tí ó gba orí ilẹ̀ láti Lokoja àti Bida bọ̀ wá sí Èkó, ó dé Ìlọrin, wọ́n sì da ìbéèrè bò ó ní ààfin. Kò fi ìbínú já wọn níyàn, kò sì bú ẹ̀sìn wọn. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí ó kọ́kọ́ wá ohun tí ìwé méjèèjì jọ wí: ìbí Jésù láti ọ̀dọ̀ wúńdíá, iṣẹ́ tí Gébúrẹ́lì jẹ́; lẹ́yìn náà ni yóò ṣí Bíbélì, tí yóò sì jẹ́ kí Bíbélì fúnra rẹ̀ fèsì. Ó ti rí i nípa ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè ja ìjà ara rẹ̀. Ó dùn wá pé a ti ka ìtàn yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ Màlámù ṣẹlẹ̀, kò sì wá sí wa lọ́kàn ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano kò nílò kí a túmọ̀ ọfà fún yín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, ìwàásù ńlá kan tí a ti kéde níbẹ̀ di rúkèrúdò kí oníwàásù tó gun orí àga, ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. A kò wí pé ẹni tí wọ́n pa ni ó jẹ̀bi ikú ara rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ní ibi tí koríko ti gbẹ, ẹni tí ó ní ọgbọ́n a máa ṣọ́ ibi tí yóò da eérú sí.

Níti àwọn ẹbí wa tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà nílé, àwọn ni a máa ń hùwà àìlọ́wọ̀ sí jù. A ti rí ọmọ tí ó ti ìdálẹ̀ dé, tí kò dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nítorí pé babaláwo ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 19. Pọ́ọ̀lù lo ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Éfésù, níbi tí ojúbọ òrìṣà Átẹ́mísì wà, ó wàásù débi pé ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú dàrú, akọ̀wé ìlú, ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ni ó jẹ́rìí níwájú èrò pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ja ilé òrìṣà lólè, wọn kò sì bú òrìṣà náà. Kí a lè wàásù fún ọdún méjì kí ọ̀tá má rí èébú kan tọ́ka sí! Bí ẹ bá padà sílé, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Bí ó bá fi ẹran ẹbọ lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, ẹ má jẹ ẹ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un ní ohùn jẹ́jẹ́.

Àwọn Kristẹni ẹlẹgbẹ́ wa náà ń bi wá ní ìbéèrè. Wọ́n ń béèrè pé kí ló dé tí ìjọ tí òyìnbó kò dá sílẹ̀ fi ń pe ara rẹ̀ ní ìjọ, kí ló dé tí a fi ń gbààwẹ̀ tí a sì ń gbàdúrà títí ilẹ̀ fi ń mọ́. A kò ní pẹ́ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, ẹ sọ fún un bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 1918, nígbà tí àrùn inflúẹ́ńsà ń pa ènìyàn bí ẹni ń já ewé, tí àwọn ọmọ ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde sì kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Láti irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ aládùúrà ilẹ̀ wa ti rú jáde. Ẹ má fi ìjọ tí ó kọ́ àwọn bàbá wa ní ìwé kíkà bú. Ẹni tí ó bá ń fi wá ṣe ẹ̀sín, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n a rí àwọn mìíràn tí orí wọn ti ń wú láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀, nítorí pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwọ arákùnrin, ìwà tútù rẹ ha ni, tàbí òwò rẹ? Oníbàárà wí pé ẹ̀sìn gbogbo ọ̀kan náà ni, ìwọ ní bẹ́ẹ̀ ni, Alájì, ọ̀kan náà ni, kí ó lè ra ọjà. Pétérù náà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí iná, lẹ́yìn náà ó sunkún kíkorò. Màlámù kò bọ̀wọ̀ fún wa nítorí pé a gbà fún un. A kò gbà fún un. Ó gbọ́ ibi tí a ti yàtọ̀ sí i láti ẹnu wa, ní gbangba, láìsí èébú.

Ẹsẹ 16 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí-ọkàn tí ó mọ́, a sì fẹ́ kí àwọn tí ó jẹ gbèsè ọjà gbọ́ èyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní owó láti oṣù mẹ́fà, kí ó kọ́kọ́ san án kí ó tó lọ ṣàlàyé oore-ọ̀fẹ́ fún un. Kọ́bọ̀ tí kò sọnù nínú ìsọ̀ wa àti ti Màlámù ni ó jẹ́ kí ó lè bi wá ní ìbéèrè náà ní àkọ́kọ́.

Kí a tó kúrò ní ìlú náà, Màlámù tún bi wá ní ìbéèrè mìíràn. Ọ̀rọ̀ àgbélébùú ni: bí Ọlọ́run bá fẹ́ràn Jésù tó bí a ti wí, báwo ni yóò ṣe jẹ́ kí ó kú irú ikú bẹ́ẹ̀? Àwa àti ọ̀dọ́mọkùnrin wa jókòó tì í láti ìdajì ọ̀sán. A ka ìwé, a sọ̀rọ̀, òun náà sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán. Nígbà tí ohùn ladáànì dún láti mọ́ṣáláṣí, ó dìde, ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó ní kí a bá òun wo ọjà títí òun yóò fi kírun tán. A bá a wò ó.